Ẹni Tí Wọn Kò Fún Ní Ẹ̀rọ̀

Ilé àbúrò mi l'Ékòó ni kónílé-ó-gbélé ká mi mọ́ lọ́dún 2020. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo ní n ó lò lọ́dọ̀ wọn. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti ti ìlú pa. Nígbà tí wọ́n sì máa ṣí i díẹ̀, wọ́n ní ọkọ̀ èrò kankan ò gbọdọ̀ ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Ìbàdàn wá jìnnà bí òkè òkun. Mo bá jókòó. Mò ń bá wọn dá owó epo jẹnẹrétọ̀, mò ń bá wọn wẹ ọmọ, mò ń gbọ́ bí tọkọtìyàwó ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá rò pé àlejò ti sùn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ṣọ́ wọn. Ìdí tí mo fi ń ṣọ́ wọn á yé yín tó bá yá.

Òpin oṣù kẹfà ni mo rí i pé National Theatre ti London ń gbé eré orí ìtàgé sórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀kan lọ́sẹ̀, àti pé A Midsummer Night's Dream ti Shakespeare ló kàn. Lítíréṣọ̀ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama. WAEC sì ti kéde pé eré yẹn làwọn ọmọ máa kà láti 2021 títí dé 2025, lẹ́yìn tá a ti fi ọdún márùn-ún kọ́ wọn ní Othello tó fi sú èmi alára. Mo ní kí n tètè wò ó kí wọ́n tó máa bi mí ní ìbéèrè tí mi ò lè dáhùn.

Mo rò pé èmi nìkan ni n ó wò ó. Orúkọ kan ló fa ọkọ àbúrò mi jókòó: Hammed Animashaun. Ó ń kọjá lọ sí ilé ìdáná ló rí i lójú tẹlifíṣọ̀n. "Àǹtí, Ànímáṣahun ńkọ́! Kí ló ń wá láàárín àwọn yìí?" Mo ní òun gan-an ló fẹ́ ṣe Bottom, ahunṣọ tí wọ́n máa sọ orí rẹ̀ di ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ó pe ìyàwó rẹ̀. Wọ́n jókòó tì mí, àbúrò mi gbé ẹsẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó.

Ẹjọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ eré náà. Bàbá kan tó ń jẹ́ Egeus wọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Hermia, wá síwájú Theseus tó jẹ́ olórí ìlú Áténì. Demetrius ni bàbá fẹ́ fún ọmọ, Lysander lọmọ fẹ́. Bàbá ò wá bẹ ẹnikẹ́ni, òfin àtijọ́ ló gbé wá: tèmi lọmọ yìí, bó bá wù mí kí n fi í fún ọkọ, bó bá wù mí kí n fi í fún ikú. Ó wá ń ka ohun tí Lysander fi fa ojú ọmọ rẹ̀ mọ́ra: orin tó kọ lẹ́bàá fèrèsé lábẹ́ òṣùpá, ẹ̀gbà ọwọ́ tó fi irun orí ara rẹ̀ hun, òrùka, ìdì òdòdó, nǹkan dídùn. Nígbà tá a ń ka ibẹ̀ ní kíláàsì lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ kan lẹ́yìn pariwo pé, "Mà, káàdì fóònù nìkan ló kù níbẹ̀!"

Theseus sọ fún Hermia pé bí òrìṣà ló yẹ kí bàbá rí lójú ọmọ. Ó ní ìda lọmọ, bàbá ló tẹ àwòrán sí i lára, bó bá sì wù ú, ó lè pa àwòrán náà rẹ́. Hermia ní ì bá wu òun kí bàbá òun lè fi ojú òun wo ọ̀rọ̀ yìí. Theseus ní ó tì o, ojú tìrẹ ló máa bá ìdájọ́ bàbá rẹ lọ. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ dé ibì kan, Shakespeare ti gbé gbogbo ẹrù náà kalẹ̀ lójú kan. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú ta la máa fi wò ó? Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fún Hermia, kí oṣù tuntun tó lé: kó fẹ́ Demetrius, tàbí kó kú, tàbí kó lọ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún òrìṣà Diana kó máa gbé láìlọ́kọ títí ayé rẹ̀.

Ẹnì kan á ti máa sọ nínú ara rẹ̀ pé bí tiwa náà ṣe rí láyé ijọ́un nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Nínú ètò ìgbéyàwó tiwa, lẹ́yìn ìfojúsóde, lẹ́yìn tí alárinà ti rìn títí tí wọ́n sì ti wádìí ilé tí wọ́n ti fẹ́ mú ìyàwó, ìpele kan wà tá à ń pè ní ìjọ́hẹn. Àwọn mìíràn ń pè é ní ìṣíhùn. Ọmọbìnrin fúnra rẹ̀ ló máa jẹ́ "hẹn" níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ "hẹn" ló jẹ́ pé ìyá ló kọ́ ọmọ lóru. Mo mọ̀ pé wọ́n ti fọkọ fún àwọn kan kí wọ́n tó pààrọ̀ eyín. Síbẹ̀ inú mi dùn pé àwọn tó ni èdè yìí rántí fi orúkọ sílẹ̀ fún ibi tí ohùn ọmọ gbọ́dọ̀ ti jáde. Ní ààfin Áténì, wọn ò rántí.

Lysander ló dá mi lára yá níbẹ̀. Ó yíjú sí Demetrius, ó ní bàbá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ gan-an ni, jẹ́ kí èmi fẹ́ Hermia, kí ìwọ lọ fẹ́ bàbá. Àbúrò mi pàtẹ́wọ́.

Àwọn tó ń kọ ìwé ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC fẹ́ràn Egeus púpọ̀. Bí wọ́n bá ti ní kí a sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó fẹ́ fi agbára darí ẹlòmíràn, òun ni wọ́n máa ń nawọ́ sí. Èmi kì í bẹ̀rù Egeus. Ọ̀sán gangan ló wá. Ó sọ ohun tó fẹ́, ó sọ ìyà tó máa tẹ̀ lé e, ó ka òfin, gbogbo ìlú gbọ́. Ẹni tó bá gbọ́ irú ìyẹn mọ ohun tó ń sá fún. Hermia àti Lysander mọ̀ ọ́n, wọ́n sì sá: Lysander ní àǹtí kan, opó olówó tí kò bímọ, tí ilé rẹ̀ jìnnà sí Áténì débi pé òfin yẹn ò débẹ̀. Inú igbó ni wọ́n gbà lọ. Inú igbó yẹn ni ẹni tí mò ń bẹ̀rù wà.

Ọmọ Yorùbá ò nílò kí wọ́n ṣàlàyé igbó tí iwin ń gbé fún òun. Oberon ni ọba àwọn iwin náà, Titania ni ayaba, àwọn méjèèjì sì ń jà lórí ọmọdékùnrin kan tí wọ́n gbé wá láti Íńdíà. Oberon fẹ́ kó wá máa ṣe ẹmẹ̀wà òun. Titania kọ̀. Ìdí tó sọ wà lára ibi tó dùn jù nínú eré náà: olùjọsìn òun ni ìyá ọmọ yìí, ó ní àwọn jọ máa ń jókòó sórí iyanrìn etí òkun ní alẹ́, tí àwọn á máa fi ọkọ̀ ojú omi àwọn oníṣòwò rẹ́rìn-ín bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ ìgbòkun wọn wú bí aboyún. Ìyá náà kú lórí ìkúnlẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń tọ́ ọmọ rẹ̀, ó ní; nítorí rẹ̀ ni mi ò fi ní í yọ̀ǹda rẹ̀. Ìjà wọn ti da ojú ọjọ́ rú. Odò kún àkúnya, màlúù fa àjàgà lásán, ọkà jẹrà lórí ìdúró kó tó gbó. Àgbẹ̀ tí kò mọ iwin kankan rí ló ń jìyà rẹ̀.

Oberon ò lọ sí kóòtù. Ó rán Puck, ìránṣẹ́ rẹ̀, kó lọ já òdòdó kan wá, òdòdó tí ọfà òrìṣà ìfẹ́ bà nígbà tó tàsé. Bí wọ́n bá fún omi rẹ̀ sójú ẹni tó ń sùn, ohun àkọ́kọ́ tó bá rí nígbà tó bá jí, ìfẹ́ rẹ̀ á pa á bí ọtí. Puck ní ogójì ìṣẹ́jú ti tó òun láti yí ayé po. A ní irú ọjà bẹ́ẹ̀ nílé. A ní gbètugbètu, tí ẹni tí wọ́n bá fi pàṣẹ fún kò ní í lè ṣe àìgbọ́. A ní mágùn, tí ọkọ fi ń ṣọ́ ìyàwó nígbà tí òun gan-an wà lójú àlè tirẹ̀. Ohun tó so gbogbo wọn pọ̀ ni pé wọn kì í sọ fún ẹni tí wọ́n ń lò ó fún.

Ìyàwó ara rẹ̀ ni Oberon kọ́kọ́ ro oògùn náà fún. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń dúró de Puck, Demetrius kọjá, ó ń wá Hermia tó sá lọ. Helena ń sáré tẹ̀ lé e. Demetrius ti kọ ẹnu ìfẹ́ sí Helena rí kó tó di pé ojú rẹ̀ lọ sára Hermia. Theseus gan-an jẹ́wọ́ pé òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, iṣẹ́ ara òun ni kò jẹ́ kí òun dá sí i. Helena ní ajá Demetrius lòun, kó nà òun, kó lé òun, kó ṣáà jẹ́ kí òun máa tẹ̀ lé e. Oberon ní, wọn ò lè rí mi, n ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó dúró níbẹ̀, ó gbọ́ ọ gbogbo. Àánú Helena ṣe é. Ó ní kí Puck mú lára omi òdòdó náà, kó fi kan ojú ọmọkùnrin Áténì aláìmoore yẹn.

Ní ti eré tá a wò yẹn, tí Nicholas Hytner darí ní Bridge Theatre ní London lọ́dún 2019, ó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu tọkọtìyàwó iwin yìí: Titania ló ń rán Puck níṣẹ́, Oberon ló sì sùn lọ tó jí, tó rí orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, tó ń pè é ní olólùfẹ́. Ọgbọ́n tó dáa ni. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tí Ànímáṣahun ń gbá ọba àwọn iwin mọ́ra. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó mú oògùn lọ́wọ́ nínú wọn, ọkọ tàbí ìyàwó, tó sọ gbólóhùn yẹn tí àyà mi ò já: wọn ò lè rí mi. Mo wo àbúrò mi. Ojú rẹ̀ wà lára tẹlifíṣọ̀n.

Ọdún 2009 ni. Ọ̀dọ̀ mi n'Ìbàdàn ló ń gbé nígbà náà, ó ń wáṣẹ́. Ọmọkùnrin kan wà tí wọ́n jọ jáde yunifásítì, tó ń ṣe àgùnbánirọ̀ lókè Ọya. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹ bá bi mí pé kí ló ṣe mí, mi ò ní ní ohun kan pàtó sọ: ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀ jù, bó bá sì fẹ́ dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ kì í kan ilẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò kan sì wà nílé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni, èèyàn jẹ́jẹ́, tí kì í jẹ gbèsè, tó máa ń bi mí lọ́jọ́ Ajé gbogbo pé, "Àbúrò yín ńkọ́?" 

Ọ̀sẹ̀ kan ni fóònù àbúrò mi bọ́ sínú omi. Òun àti ọmọkùnrin yẹn ti ń jà kó tó bọ́ sómi. Lọ́jọ́rú, ọmọkùnrin náà pe fóònù mi. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé mò ń bọ̀ ní Sátidé. Kó dúró dè mí nílé. Ọ̀rọ̀ wa kì í ṣe ti orí fóònù." Mo ní ó dáa, kó máa rọra bọ̀.

Mi ò sọ fún un. Mi ò purọ́ o, mi ò kàn sọ ni. Nígbà tó di Sátidé, mo ní kó tẹ̀ lé mi lọ síbi ìkómọjáde ọ̀kan lára àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, mo sì ti ṣètò ẹni tó máa jókòó tì í. Alẹ́ la dé. Ìyá tó ń ta ẹ̀pà lẹ́nu géètì fà mí sẹ́yìn, ó ní ọmọkùnrin kan tó gbé báàgì lẹ́yìn jókòó ti òun láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá. Mo ra ẹ̀pà.

Kò ju ìyẹn lọ. Ẹ̀kán omi òdòdó kan péré. Ọmọkùnrin náà gbà pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ òun ni. Àbúrò mi gbà pé ó ti gbàgbé òun. Nígbà tí wọ́n fi máa tún fóònù ṣe, kálukú ti gbé ìbínú rẹ̀ dé ibi tí kò ṣeé gbé padà. Àbúrò mi kì í ka ohun tí mo bá kọ, ó ní gígùn rẹ̀ ti pọ̀ jù. Bó bá ka èyí, kó pè mí.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe tí mo fi ń tu ara mi nínú nìyẹn láti ọdún yìí wá. Bí Oberon bá gbọ́ Yorùbá, òwe tí ì bá pa fún Puck nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbangba ọjà ni àgbà inú òwe yẹn wà. Ìyá ọmọ ń rí ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń tún orí ọmọ ṣe, bí kò bá sì fẹ́, ó lè ní kó gbé ọwọ́ kúrò. Ta ló rí ọwọ́ tèmi, yàtọ̀ sí ìyá ẹlẹ́pà?

Ẹ jẹ́ ká padà sínú igbó. Puck ṣìṣe. Aṣọ Áténì ni wọ́n fi ṣàpèjúwe ẹni náà fún un, aṣọ Áténì sì wà lọ́rùn Lysander pẹ̀lú. Ó fún un sójú Lysander. Lysander jí, Helena ló rí. Oberon rí àṣìṣe náà, ó lọ fún ti Demetrius pẹ̀lú, òun náà sì jí sójú Helena. Ọmọkùnrin méjì wá ń dù ú, ẹni tí kò sí ẹni tó ń wò ó láàárọ̀. Ohun tí Helena ń wá gan-an ló rí gbà yìí, ẹ ò rí i? Ẹkún ló fi sun. Ó ní wọ́n pàdé pọ̀ láti fi òun ṣẹ̀sín ni, ó sì ní Hermia wà nínú ọ̀tẹ̀ náà. Ìfẹ́ tí kò mọ ibi tó ti wá ni, kò lè gbà á gbọ́.

Ibi tó ń dun àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mi jù tẹ̀ lé e. Helena rán Hermia létí pé orí ìrọ̀rí kan làwọn jọ máa ń jókòó sí, tí àwọn á máa fi abẹ́rẹ́ ṣe òdòdó kan náà sára aṣọ kan náà, tí àwọn á máa kọ orin kan náà lóhùn kan náà. Kò pé ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn tí Hermia ń pè é ní òpó gígùn tí wọ́n kùn lọ́dà, tó sì fẹ́ fi èékánná yọ ọ́ lójú. Oògùn ò kan ojú obìnrin kankan nínú àwọn méjèèjì. Ojú ọkùnrin ni wọ́n fún un sí, ọ̀rẹ́ obìnrin méjì ló fi ya. Puck ní irú òmùgọ̀ wo lọmọ aráyé. Ó ń gbádùn rẹ̀.

Nínú ìwé, Titania náà ti jí nígbà yẹn, ó ti rí Bottom. Èmi kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ mi káàánú Titania tán kí wọ́n tó ka ohun tó ń sọ. Bottom ní òun ń wá ọ̀nà tó jáde nínú igbó. Titania ní, má ṣe ní ọkàn à ń lọ, ibí yìí lo máa wà, bó fẹ́ bó kọ̀. Ó fún un ní àwọn iwin kéékèèké kí wọ́n máa họ orí fún un, kí wọ́n máa wá oyin fún un. Ó wá ní kí wọ́n di olólùfẹ́ òun lẹ́nu, kí wọ́n mú un wá ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹni tí wọ́n fi oògùn darí nìyẹn o, tó ń darí ẹlòmíràn, tó sì ń pe é ní ìfẹ́.

Bottom nìkan ni orí rẹ̀ pé, òun tí orí rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ayaba àwọn iwin ní òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, màmá, mi ò rí ìdí tẹ́ ẹ fi ní í nífẹ̀ẹ́ mi, ṣùgbọ́n ká sòótọ́, làákàyè àti ìfẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn pọ̀ lóde òní. Kò fi ìfẹ́ rẹ̀ gba nǹkan kan. Koríko gbígbẹ ló ní kí wọ́n wá fún òun.

Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà, télọ̀, ẹni tó ń tún ẹwìrì ṣe, ló wá sínú igbó náà láti fi eré kọ́ra tí wọ́n máa ṣe níbi ìgbéyàwó Theseus. Bottom fẹ́ gba gbogbo ipò inú eré náà mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́: òun ni kó ṣe olólùfẹ́ ọkùnrin, òun ni kó ṣe ti obìnrin, òun ni kó ṣe kìnnìún. Wọ́n ní ó tì, ó sì gbà. Àwọn olólùfẹ́ méjì tí bàbá wọn ò jẹ́ kí wọ́n fẹ́ra ni eré wọn dá lé, ògiri kan ló sì wà láàárín wọn. Èèyàn kan ló dúró tó ní òun ni ògiri, tó ya ìka rẹ̀ sọ́tọ̀ kí wọ́n máa gba àárín rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ ibẹ̀, à ń wí bẹ́ẹ̀ nípa ọ̀tá. Ní tiwọn, ìfẹ́ ni ògiri lanu fún. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ parí, ògiri náà dágbére fún àwọn ènìyàn, ó ní èmi ògiri ti ṣe tèmi, mò ń lọ. Tí ojú bá ti mojú, alárinà á yẹ̀ba. Nínú gbogbo àwọn tó dá sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nínú eré yẹn, ògiri yẹn nìkan ni gbogbo ayé rí lójúkojú, òun nìkan náà ló sì mọ̀ pé ó tó àkókò láti lọ.

Oberon rí ọmọ náà gbà. Ìgbà tó gbà á tán ló tó sọ pé àánú Titania ń ṣe òun. Ó fi ewé mìíràn, ẹ̀rọ̀ oògùn yẹn, kan ojú rẹ̀. Titania jí, ó ní òun lá àlá pé òun yó ìfẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Oberon nawọ́, ó ní olólùfẹ́ rẹ nìyẹn nílẹ̀. Titania béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Kò béèrè ọmọ mọ́. Ìyá ọmọ tó kú lórí ìkúnlẹ̀, iyanrìn etí òkun, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti fi ẹ̀rín borí olè jíjà tó báyìí.

Puck fi ẹ̀rọ̀ kan ojú Lysander, ó padà sọ́dọ̀ Hermia rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́. Theseus bá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀ níbi tí wọ́n sùn sí. Egeus pariwo òfin, òfin. Demetrius ní òun ò fẹ́ Hermia mọ́, Helena ni. Theseus, tó ti sọ lọ́jọ́ kìíní pé kò sí bí òun ṣe lè dẹ òfin Áténì, wá fi gbólóhùn kan dẹ̀ ẹ́: Egeus, ohun tí mo fẹ́ máa borí ohun tí o fẹ́. Ó parí. A jẹ́ pé òfin yẹn ṣeé yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó máa yí i ni kò tíì sí. Inú wa dùn, ó sì yẹ kó dùn, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ẹnu kan gba ọmọ lọ́wọ́ bàbá lónìí lè fi ẹnu kan náà dá a padà lọ́la. Àwọn tó ṣe é ní Bridge Theatre mọ èyí: inú àpótí gíláàsì ni wọ́n gbé Hippolyta, ìyàwó tí Theseus fi idà gbà lójú ogun, sí nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n gbéyàwó. Ẹ ti gbọ́ orin ìgbéyàwó yẹn, bẹ́ ẹ̀ tilẹ̀ mọ Shakespeare rárá. Mendelssohn, ọmọ Jámánì, kọ orin kan fún eré yìí lọ́dún 1842. Nígbà tí wọ́n lò ó níbi ìgbéyàwó ọmọ Ọbabìnrin Victoria ní London lọ́dún 1858, ó di ohun tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń lù. Òun ni wọ́n máa ń fi dùùrù lù nígbà tí tọkọtìyàwó bá ti fọwọ́ síwèé tán tí wọ́n ń jáde. Òun ni wọ́n lù n'Ìbàdàn lọ́dún 2012 nígbà tí àbúrò mi fi ọwọ́ kọ́ ọwọ́ olùkọ́ ìṣirò yẹn. Mo ń jó lẹ́yìn wọn, gèlè mi fẹ́ já. Gbogbo èèyàn ní èmi ni alárinà, wọ́n ń ná owó fún mi.

Nínú abala karùn-ún tí gbogbo wọn ti di ọkọ àti aya, Hermia àti Helena ò sọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Ẹ lọ wò ó. Àwọn ọkọ wọn ń fi àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ṣẹ̀fẹ̀, àwọn jókòó. Kò sì sí ibì kan nínú ìwé náà tí ẹnikẹ́ni ti fi ẹ̀rọ̀ kan ojú Demetrius. Wọ́n nu ti Titania, wọ́n nu ti Lysander, wọ́n gbé orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kúrò lọ́rùn Bottom. Demetrius nìkan ló bá oògùn lójú wọ ilé ọkọ àti aya. Bí wọ́n bá nu ojú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí Helena tún di ajá.

Lọ́dọọdún ni ọmọ kan máa ń bi mí ní ìbéèrè yìí ní kíláàsì. Mo ní ìdáhùn tí mo máa ń fún wọn, èyí tó máa gba máàkì: pé Helena ni Demetrius fẹ́ tẹ́lẹ̀, pé àìsàn ni ìfẹ́ Hermia tó wọ̀ ọ́, pé oògùn kàn dá a padà sílé ni. Demetrius gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀ níwájú Theseus, ó ní ó dà bí oúnjẹ tí aláìsàn kọ̀ tó wá ń wù ú lẹ́yìn tí ara rẹ̀ yá. Ọ̀rọ̀ tó dùn ni. Oògùn ló ń sọ ọ́.

Bí Theseus ṣe kúrò níbẹ̀ báyìí, Demetrius wo àwọn yòókù, ó ní: ṣé ó dá yín lójú pé a ti jí? Lójú tèmi, ó dà bíi pé oorun la ṣì ń sùn, àlá la ṣì ń lá. Lysander ò sọ irú rẹ̀. Ẹni tí wọn ò fún ní ẹ̀rọ̀ yẹn ló béèrè.

Àbúrò mi ti sùn lọ kí wọ́n tó débẹ̀, orí rẹ̀ wà lápá ọkọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bó ṣe máa ń là láti kékeré. Wọ́n mú iná lọ bí eré ṣe ń parí, ẹ̀rọ ìgbàlódé tó ń tọ́jú iná gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọkọ rẹ̀ rọra fa aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀.

"Àǹtí, Demetrius yẹn ńkọ́? Mi ò rí ibi tí wọ́n ti nu tirẹ̀."

Mo ní wọn ò nù ún.

Ó ronú díẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀. "Ṣé kí n jí i kó wá wo ìparí rẹ̀? Á máa bi mí láàárọ̀."

Mo ní kó má jí i, kó jẹ́ kó sùn.